Ọ̀nà Òkun àti Pálọ̀ Akínfọlárìn

Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa ná. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó sún mọ́ mi. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kó wọlé lọ, mi ò ní bínú. Ta ló lè sọ fún mi, nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí, ìdí tí àwọn àgbà Ìdí-Àgbọn fi ń sọ pé, "Ẹni tó bá lé ọ̀nà kúrò lójúde, kó ṣílẹ̀kùn pálọ̀ dè é"? Ẹ ò mọ̀. Ẹnì kan ti ń sọ káàkiri pé ìjàpá ló fa òwe náà. Irọ́ ni. Kò sí ìjàpá kankan níbẹ̀. Ojú mi ló ṣe, èjìká òsì mi yìí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ní abúlé wa, ọ̀sà ló wà níwájú, òkun ló wà lẹ́yìn, àwa sì wà lórí iyanrìn tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló gba àárín ilé kọjá láti ọ̀sà dé òkun. Ọ̀nà òkun là ń pè é. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ń gbà ru agbọ̀n ẹja wálé. Ibẹ̀ náà ni àwa ọkùnrin ń gbà gbé ọkọ̀ apẹja lé èjìká lọ sókun nígbà tí ẹja bá dé. Ẹ má bi mí pé ta ló là á. Ẹsẹ̀ ló là á.

Akínfọlárìn wá kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yìí. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Òun ló ń tún àwọ̀n ṣe fún gbogbo wa. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ ilé náà, pálọ̀ nìkan sì gba mẹ́ta nínú rẹ̀. Táìsì funfun ló wà nílẹ̀. Kọ́tìnì aláwọ̀ wúrà ló fi bo fèrèsé. Àga tìmùtìmù mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò tíì tú ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn láti ìsọ̀. Nítorí kí atẹ́gùn òkun lè máa fẹ́ wọlé, ó ṣe ilẹ̀kùn ńlá aláwẹ́ méjì síwájú tó kọjú sí ọ̀sà, ó sì ṣe irú rẹ̀ sẹ́yìn tó kọjú sí òkun. Kọ́kọ́rọ́ wọn wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Òun fúnra rẹ̀ kì í jókòó sí pálọ̀ ọ̀hún. Ìta ló máa ń dúró sí, á máa gba ojú fèrèsé wò ó, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Jọláadé ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé bí ilé bá ń jóná, òun mọ̀ pé pálọ̀ lọkọ òun máa kọ́kọ́ gbé jáde.

Ọ̀nà òkun wá gba ojúde rẹ̀ kọjá, lábẹ́ fèrèsé pálọ̀ yẹn gan-an. Omi ẹja ń kán sílẹ̀, ìpẹ́ ẹja ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Àwọn obìnrin á sọ agbọ̀n kalẹ̀, wọ́n á fi fèrèsé ṣe dígí, wọ́n á tún gèlè wé. Ọ̀rọ̀ náà ń dun Akínfọlárìn dọ́kàn. Ó tọ Baálẹ̀ lọ, ó dọ̀bálẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ bá mi mú ọ̀nà òkun kúrò lójúde."

Baálẹ̀ wa ìgbà náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "A kì í dí ọ̀nà òkun. Ẹni tó bá kan ilẹ̀ rẹ̀ lè sún un. Ibi tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí fún ará ìlú, ibẹ̀ ni ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta péré lèèyàn lè sún un láyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a."

"Ẹ̀ẹ̀kan ti tó mi, bàbá."

Ó lọ ra búlọ́ọ̀kù, ó mọ ògiri láti igun ilé rẹ̀ títí dé ògiri aládùúgbò, ó fi sìmẹ́ǹtì sí i bí ẹni ń mọ báńkì. Ojúde dí pa. Ó ní kí ọ̀nà gba apá òsì ilé, lẹ́bàá ibi ìdáná.

Ọjọ́ kejì, Jọláadé gbé ọbẹ̀ kaná. Màmá Ọlátòkun ló kọ́kọ́ kọjá. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn ẹlẹ́ja wa, kò sì sí ìkòkò tí kì í ṣí wò. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ kú ìdáná." Ó tọ́ ọbẹ̀ wò. "Iyọ̀ ò tó." Ó bá a bù ú sí i. Lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin mẹ́ta míì kọjá, ẹnì kọ̀ọ̀kan tọ́ ọ wò kí omi ọbẹ̀ tó hó, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Lálẹ́ ọjọ́ náà, òkèlè kan péré ni Akínfọlárìn jẹ, ó sì mu omi bí ẹni tó rin aṣálẹ̀.

"Olówó orí mi," Jọláadé sọ fún un, "ojúde yín ti mọ́. Ọbẹ̀ yín ńkọ́?"

Ó tún sún ọ̀nà. Ó fi igi sọgbà yí ibi ìdáná ká, ó ní kí ará ìlú pẹ́ kọ́rọ́ gba ẹ̀yìn balùwẹ̀, kí wọ́n sì tún pẹ́ kọ́rọ́ níbi ògiri ilé kejì kí wọ́n tó já sétí òkun. Ẹ sì mọ balùwẹ̀ ilẹ̀ wa. Páànù rẹ̀ ò ju àyà èèyàn lọ. Bí Akínfọlárìn bá ti da omi sórí, ọ̀wọ́ àwọn èèyàn á dé. Ṣé kò ní dáhùn ìkíni ni? Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn, òun náà á na ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ jáde lókè páànù, á máa súre. Àwọn kan á béèrè àlàáfíà ilé, wọ́n á béèrè ti àwọn ọmọ, ọṣẹ á ti wọ ojú rẹ̀.

"Akínfọlárìn, ẹ̀yìn etí ni kó o fọ̀ dáadáa," ni Màmá Ọlátòkun máa ń wí. Ọjọ́ kan ló dúró síbi kọ́rọ́ yẹn, ó wò ó sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì. "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ lè tẹ̀ níbí. Ọkọ̀ kì í tẹ̀ o."

"Ìgbà ọkọ̀ ò tíì tó, màmá. Bó bá tó, a ó wá nǹkan ṣe sí i."

Ó fara da ọṣẹ ojú, nítorí pálọ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó tún máa ń dúró nídìí fèrèsé báyìí, kò sí ẹlẹ́ja kankan tó ń dí i lọ́wọ́.

Ní Ọjọ́rú kan, gbogbo ọkọ̀ tó ti wà létí òkun ṣáájú ògiri Akínfọlárìn ti tẹ̀ lé ẹja lọ síhà ìlà-oòrùn láti àárọ̀. Adémúwàgún, àbúrò Jọláadé, ló pẹ́ jáde, òun nìkan nínú ọkọ̀ kékeré. Ìgbì kan kàn gbé ọkọ̀ náà, ó dà á dojú bolẹ̀. Láti etí òkun la ti ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, ó rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, omi sì ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù ní gbogbo Ìdí-Àgbọn, tèmi ni. Etí ọ̀sà ló wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà kùn ún tán láàárọ̀ náà. Ọ̀dà ò tíì gbẹ.

Àwa ọkùnrin méjìdínlógún la gbé e lé èjìká. A sáré. A dé ẹ̀yìn balùwẹ̀, imú ọkọ̀ kọ lu ògiri ilé kejì. A fà á sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ wó balùwẹ̀ lulẹ̀. A gbé e sókè, a dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lọ síbì kan. Akínfọlárìn sáré gbé òòlù, ó ń lu ògiri ojúde tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Èérún bíńtín ló já bọ́. Ṣebí mo ti sọ ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì yẹn fún yín.

Jọláadé kò pariwo. Ó wá dúró níwájú ọkọ rẹ̀.

"Olówó orí mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo nìyẹn. Ilẹ̀kùn pálọ̀ yín gún régé, látìwájú dé ẹ̀yìn."

Akínfọlárìn wo òkun. Ó wo ọkọ̀ tó ń kán ọ̀dà tó-tó-tó. Omi bọ́ lójú rẹ̀, mo rí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó ṣí ti ẹ̀yìn, ó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ wọlé," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà."

Apẹja ni wá. Ta ló wọ bàtà? A gba inú pálọ̀ wọlé pẹ̀lú ọkọ̀ tó gùn ju pálọ̀ ọ̀hún lọ. Nígbà tí imú rẹ̀ jáde lẹ́yìn, ìdí rẹ̀ ò tíì wọ iwájú. Àyè ò sí fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, la bá ń gba orí àga tìmùtìmù rìn, ọ̀rá wọn ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Èmi ni mo wà lápá òsì, férémù ilẹ̀kùn sì bó mi léjìká. Àpá rẹ̀ rèé, ẹni tó bá fẹ́ wò ó lè wò ó. Ọ̀dà fa ilà dúdú kan sórí táìsì láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Kọ́tìnì fèrèsé lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, ó bá wa lọ sókun.

A bá Adémúwàgún láàyè. Ó ní ìgbà tí òun rí kọ́tìnì pálọ̀ àna òun tó ń bọ̀ lórí ìgbì, òun ti gbà pé òun ti kú. A gbé e padà, pálọ̀ la tún gbà. A tẹ́ ẹ sórí àga, ó sì pọ omi òkun sí i. Akínfọlárìn fi ìyókù kọ́tìnì nù ún lẹ́nu. "Pẹ̀lẹ́, àna mi," ló ń wí ṣáá. Kò wo ilẹ̀ rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló tó wò ó. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi kẹrosíìnì fọ ọ̀dà, ni Màmá Ọlátòkun bá gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé tòun ti agbọ̀n ẹja. Ó ní, "O kú iṣẹ́, ọmọ mi." Ó gba iwájú jáde. Obìnrin márùn-ún tẹ̀ lé e. Akínfọlárìn sáré lọ bá Baálẹ̀, àkísà kẹrosíìnì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Baálẹ̀, mo máa wó ògiri. Kí ọ̀nà padà sójúde mi."

Baálẹ̀ ka ìka. "Ibi ìdáná, ọ̀kan. Ẹ̀yìn balùwẹ̀, méjì. Pálọ̀, mẹ́ta. Ta ló ṣí pálọ̀?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ọwọ́ ta lo fi ṣí i?"

"Ọwọ́ mi."

"Ó ti parí," Baálẹ̀ dáhùn, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀.

Kí ẹ sì gbọ́ o, bí wọ́n tilẹ̀ ní ká padà sójúde, ta ló fẹ́ lọ? Iyanrìn ń jóni lẹ́sẹ̀, táìsì tutù.

Ó tó ọdún méjì lẹ́yìn náà tí Ògúnṣakin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sókè ọ̀nà lọ́hùn-ún, wá gba ìmọ̀ràn. Ó bá Akínfọlárìn lórí àga ní pálọ̀, tó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, omi ẹja ń dà síwájú ilé mi. Mo gbọ́ pé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sún ọ̀nà òkun. Báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀?"

"Jókòó ná," Akínfọlárìn dá a lóhùn. "Ká ẹsẹ̀ rẹ sókè, ọkọ̀ ń bọ̀."

Àwa la gbé e. Àwọn méjèèjì tẹrí ba, ọkọ̀ gba òkè orí wọn kọjá, ó pẹ́ díẹ̀ nítorí ó gùn. Nígbà tí ìdí rẹ̀ jáde tán, Akínfọlárìn nu iyanrìn kúrò lórí ìtẹ́lẹ̀ àga.

"Àbúrò," ó ní, "ẹni tó bá lé ọ̀nà kúrò lójúde, kó ṣílẹ̀kùn pálọ̀ dè é."