Ọjọ́ Tí Mo Mú Òṣèré Lọ Bẹ Màmá Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti há sórí láti ìgbà tí mo ti ń ṣeré. Ọjọ́ Sátidé ni, ní ìlú Oǹdó, níwájú ilé màmá mi. Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀, gbogbo àdúgbò ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Òṣèré ni mí, Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Èmi náà ni mò ń kọ ìtàn fíìmù mi, èmi náà ni mò ń kọ orin inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹkún ni wọ́n fi mọ̀ mí jù. Bí dárẹ́tọ̀ bá ní kí n sunkún, kó tó pa ẹnu dé, omi ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo máa ń fi yangàn nígbà náà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀dọ̀ ìyá màmá mi ní Bọ́lọ́rundúró ni mo gbé fún ọdún mẹ́jọ. Màmá mi ń ránṣọ ní Oǹdó, wọn kì í sì í wá wò mí. Ìgbà tí mo dàgbà ni wọ́n tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi, àwa méjèèjì nìkan, níbi tí a ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní àwọn wá lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dé etí oko, wọ́n rí mi tí mò ń sá kòkó, wọ́n sápamọ́ sẹ́yìn igi, wọ́n wò mí títí, wọ́n sì padà, torí pé wọn ò mú nǹkan kan dání, bísíkíìtì lásán kò sí lọ́wọ́ wọn. "Ojú ló tì mí," ni wọ́n wí. Wọn ò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn rí.

Èmi ni mo lọ gbé e sínú fíìmù.

Ká ní mo fi mọ bẹ́ẹ̀, bóyá ìbá sàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gba fíìmù náà tà ní ìtàn ọ̀hún kò gbóná tó, ni mo bá fi ọkùnrin kan kún un, mo ní torí ọkùnrin yẹn ni ìyá náà ṣe pa ọmọ tì. Mo wá kọ orin sí i. Orin yẹn gbajúmọ̀ ju fíìmù lọ, àwọn ọlọ́kadà Àkúrẹ́ ń kọ ọ́ kiri. Àwọn ará Oǹdó tó mọ̀ pé Bọ́lọ́rundúró ni mo dàgbà sí rí i pé ìdajì ìtàn náà jẹ́ òótọ́, ni wọ́n bá gba irọ́ tó kù gbọ́ mọ́ ọn. Màmá mi fi ẹgbẹ́ àwọn ìyá sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Oṣù márùn-ún gbáko, wọn ò gbé fóònù mi.

A kì í dá lọ bẹ àgbà, èèyàn gbọ́dọ̀ wá àgbà síwájú. Mo tọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin lọ. Inú ń bí wọn, wọ́n ní, "Lọ mú àwọn tí ẹ jọ ṣe fíìmù náà, kí wọ́n bá ọ bẹ̀ ẹ́."

Èmi ọ̀dẹ̀, mo ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an.

Àgbà òṣèré kan wà ní Àkúrẹ́ tí a jọ ṣe fíìmù náà, tí a ń pè ní Bàbá Olóyè, torí pé nínú gbogbo fíìmù, olóyè ni wọ́n máa ń ṣe. Irùngbọ̀n wọn funfun, ohùn wọn jinlẹ̀, mo sì rò pé àgbà tí mò ń wá nìyẹn. Mo ní kí wọ́n wọ aṣọ tó bá ẹ̀bẹ̀ mu. Wọ́n dé gáréèjì pẹ̀lú agbádá fíìmù, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ọ̀pá lọ́wọ́. Nínú mọ́tò, gbogbo èrò ló bá wa ya fọ́tò. Ó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ kí n padà sílé.

Bí a ṣe dé Oǹdó, àwọn ọmọge méjì tẹ̀ lé wa. Kí a tó dé ilé màmá mi, wọ́n ti tó ogún.

"Wọ́n ń ya fíìmù!"

"Kámẹ́rà wọn dà?"

"Wọ́n gbé e pamọ́ ni."

Màmá mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ní fàráńdà. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé (àṣà iṣẹ́ ni, ẹ má bínú), ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i pé wọ́n ti rù, gbogbo rẹ̀ pòórá lórí mi. Mo kúnlẹ̀, ẹkún gidi sì gbé mi. Kò jọ ti fíìmù rárá. Ikun ń dà nímú mi, mò ń ké bí ewúrẹ́.

Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Èyí tó sun nínú fíìmù yẹn dáa jùyí lọ."

Nígbà tí Bàbá Olóyè rí èrò, ara wọn yá. Wọ́n na ọ̀pá sókè. "Àbẹ̀ní! Àbẹ̀ní o! Foríji ọmọ rẹ!"

Àbẹ̀ní kọ́ ni màmá mi ń jẹ́. Orúkọ ìyá inú fíìmù náà nìyẹn.

Ni ẹnì kan bá dá orin mi. "Ó rí mi lókèèrè, ó pẹ̀yìn dà," ni wọ́n ń kọ, pẹ̀lú àtẹ́wọ́, ní etígbọ̀ọ́ màmá mi. Mo kígbe pé kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n rò pé ó wà nínú eré, wọ́n tún gbé ohùn sókè.

Màmá mi dá ẹ̀rọ dúró. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, èdè Oǹdó nìkan ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀, inú ìbáà dùn, inú ìbáà bàjẹ́. Lọ́jọ́ náà, Yorùbá tí wọ́n fi ń bá oníbàárà àlejò sọ̀rọ̀ ni wọ́n bá mi sọ.

"Ẹ dìde, àǹtí," ni wọ́n wí. "Ẹ ti ṣe é dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ yín dọ̀tí."

Mo ní, "Màmá, èmi ni. Kì í ṣe eré. Mo parọ́ mọ́ yín, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

Wọ́n wò mí títí. Wọn ò bínú, ó kàn rẹ̀ wọ́n ni. "Báwo ni n ó ṣe mọ̀?"

Wọ́n ká aṣọ tí wọ́n ń rán, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́.

Kí a tó padà dé Àkúrẹ́, fídíò tí àwọn èrò gbà níbẹ̀ ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn. Wọ́n ní n kò ṣeré dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì màmá mi lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo sọ níwájú ìjọ pé irọ́ ni ti ọkùnrin yẹn, èmi ni mo pa irọ́ náà. Mo fi ojú gbígbẹ sọ ọ́. Màmá mi kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá ń fi ẹkún ṣòwò, kó rọra tọ́jú díẹ̀ sílé, kó má sì ta ti ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. Títí dòní, bí àwọn èèyàn bá rí mi lọ́jà, wọ́n á ní ìgbà wo ni apá kejì ń jáde. Màá ní kí wọ́n lọ bi aránṣọ kan ní Oǹdó, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in, màá sì yára kọjá lọ, torí bí omi bá fi lè bọ́ lójú mi níbẹ̀, wọ́n á ní kí n dúró, kí n tún un sun, kí àwọn fi fóònù gbà á.