Ìdí Ìbọn Kì í Ṣe Ìdí Jímọ̀

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Jímọ̀ fi ṣe kọ̀ndọ́ ọkọ̀ dáńfó ní Okokomaiko kí orúnkún rẹ̀ tó ní òun ò ṣe mọ́. Ló bá wá iṣẹ́ lọ sí ọgbà adìẹ kan n'Íbà, níbi tí àṣá ti ń kó òròmọdìẹ jẹ. Ìbọn afẹ́fẹ́ wà lórí tábìlì, agolo mílíìkì wà lórí ògiri lọ́ọ̀ọ́kán: ẹni tó bá ba agolo ló niṣẹ́. Sájẹ́ńtì Ràṣídátù, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì, ló ń bójú tó ọgbà náà.

"Jókòó dáadáa. Ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀."

Jímọ̀ fi ìdajì ìdí jókòó, ẹsẹ̀ kan yọ síta.

"Ẹsẹ̀ wo nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹnu ilẹ̀kùn ló ti mọ́ ọn lára."

"Fà á wọlé! Ó yá, gbé ìbọn lé àpò."

Jímọ̀ wo ṣòkòtò ara rẹ̀. "Kò ní gbà á, mà. Fóònù gan-an, ìjàkadì ni."

"Àpò iyanrìn tó wà níwájú ẹ! Òun ni yóò gbé ìbọn, kí ọwọ́ ẹ lè sinmi."

"Ìbọn ń sinmi, ọwọ́ ń sinmi. Ta ló wá ń ṣiṣẹ́?"

"Ọpọlọ ẹ, bó bá wà nílé. Gbé ìdí ẹ̀ sí èjìká."

Jímọ̀ wo ẹ̀yìn ara rẹ̀. "Ìdí mi, mà? Sí èjìká ta ni?"

"Ìdí ẹ̀! Ìdí ìbọn! Ta ló pe ìdí ẹ?"

"Ẹ̀ẹ̀hẹn. Àánú èjìká yín ló ti ń ṣe mí."

Sájẹ́ńtì fúnra rẹ̀ fi ìdí ìbọn há kòtò èjìká Jímọ̀, ó sì ki àpò kékeré kan sábẹ́ rẹ̀.

"Gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi ìbọn, bí ẹni gbórí lé ìrọ̀rí."

"Mo lè sùn lọ o, mà."

"Dán an wò! Mí. Ṣùgbọ́n má mì."

Jímọ̀ mí. Ẹnu rẹ̀ kún. "Itọ́ ńkọ́, mà? Bí mi ò bá mì ín, ibo ni kí n tu ú sí?"

"Mì ín, Jímọ̀! Mì ín!"

Jímọ̀ gbé itọ́ mì. Lẹ́yìn náà ó di ìbọn mú, ó mì ín jìgìjìgì.

"Kí nìyẹn?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́, mà."

Sájẹ́ńtì tún gbogbo rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ọta kan ṣoṣo lo ní o."

"Ọ̀tá kan kẹ̀? Ẹ ò tíì dé gáréèjì Iyana-Iba nìyẹn."

"Pa ẹnu ẹ dé! Pa ojú náà dé. Mí lẹ́ẹ̀mẹta. Bó o bá lajú tí ìbọn ṣì dojú kọ agolo, ìjókòó ẹ pé nìyẹn."

Jímọ̀ dijú. Ó rántí Bọ́lánlé ìyàwó rẹ̀, tó ti sọ fún gbogbo ará ilé pé ọkọ òun ti níṣẹ́. Ó mí, ó tún mí. Ara rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Sájẹ́ńtì ti kọjú sí ògiri, ó ń fi awò wo agolo. "Ó yá. Rọra fa tírígà, bí ẹni ń fa òwú lára aṣọ."

Páù! Agolo fò lọ. Sájẹ́ńtì sáré lọ mú un: ihò ti wà láàárín iwájú orí màlúù tí wọ́n yà sí i lára.

"Jímọ̀! O ti gbaṣẹ́! Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe ọlọ́pàá, mi ò rírú ẹ̀ rí! Mú ọwọ́ wá, kí n bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́."

Jímọ̀ na ọwọ́. Ó táràrà nínú afẹ́fẹ́, ó kan àpò iyanrìn, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. "Ẹ ṣeun, mà."

Sájẹ́ńtì dúró sójú kan. "Jímọ̀. Ìgbà wo lo lajú?"

"Háà, mà. Ṣebí mo ṣì ń retí kí ẹ ní kí n là á."