Ihò Kan Péré Lórí Agolo Mílíìkì

Àbúrò bàbá mi, Ayọ̀rìndé, kì í ṣe ahun. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìṣọ́ra ni. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra tirẹ̀ kì í jáde nílé láìmú abẹ́rẹ́ dání: abẹ́rẹ́ irin kan, irú èyí tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò gàrí, tó máa ń há sí etí fìlà rẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe ń há bírò sápò.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ," Bàbá kékeré á máa wí fún wa. "À ń lu etí ọmọ. À ń sín gbẹ́rẹ́. À ń dá páànù lu. Ṣùgbọ́n ọ̀gá gbogbo wọn ni gígún! Aláìmọ̀kan ní í fi ìṣó lu nǹkan, ọlọ́gbọ́n ní í fi abẹ́rẹ́ gún un. Ohun tí a bá fabẹ́rẹ́ gún kì í tán. Ohun tí a bá fìṣó lu ní í dàwátì."

Kò sí ohun tí kò gún nínú ilé rẹ̀ ní Adébáyọ̀, l'Ádó-Èkìtì níbí. Ó gún ìdérí ike òróró. Òróró ń jáde bí omijé ọmọ tó ń díbọ́n. Ó gún agolo iyọ̀ lójú kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọbẹ̀ alẹ́ níyọ̀, kó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n láàárọ̀. Omi inú ọ̀rá kan, ó lè fabẹ́rẹ́ gún un, kó mu ún láti Adó dé Ìlọrin, kó sì mú ìyókù padà wálé. Èyí tó burú jù ni ti balùwẹ̀. Ó gún ìdérí ike ńlá kan, ó dorí rẹ̀ kodò, ó gbé e kọ́, ó ní ṣáwà ni. Mo wẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó Dùnmínínú ọmọ rẹ̀. Kí omi tó dé ojú mi, ọṣẹ ti gbẹ, mo ti dà bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lẹ́fun.

Ọdún kẹsàn-án tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ló sọ fún wa pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́. Morẹ́nikẹ́ lorúkọ rẹ̀, Màmá Morẹ́nikẹ́ la ń pè é, ọmọ Ìgèdè, tó ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì kó tó fẹ̀yìn tì. Obìnrin náà ò kọ̀ ọ́. Ó kàn ní òun àti ẹ̀gbọ́n òun máa kọ́kọ́ wá wo ilé. Ẹ̀gbọ́n yìí, Bàbá Akínbọ́lá, ti sọ fún gbogbo Ìgèdè pé àbúrò òun ò ní fẹ́ ahun.

Dùnmínínú bẹ bàbá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, tòní nìkan, ẹ fi abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀."

"Kí ló dé? Mo ra búrẹ́dì. Mo ra ẹyin. Mo ra odidi agolo mílíìkì kan!"

"Ọ̀kan? Fún èèyàn márùn-ún?"

"Fún èèyàn márùn-ún lónìí, àti fún èmi nìkan títí di ọdún Àjíǹde."

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé ni wọ́n dé. Bàbá Akínbọ́lá wọ agbádá aláró, bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n fẹ́ gbé níyàwó.

"Ẹ kú ulé o!" Ohùn Èkìtì yẹn gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bàbá kékeré sáré dọ̀bálẹ̀. Bàbá Akínbọ́lá fà á dìde, ó gbá a mọ́ra.

"Yéè! Kí ló ta mí lágbọ̀n?"

"Eèrà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Eèrà? Nínú fìlà?"

"Eèrà àdúgbò yìí máa ń gòkè ni, sà."

A jókòó. Dùnmínínú da omi gbígbóná sínú ife márùn-ún. Bàbá kékeré fa abẹ́rẹ́ yọ ní etí fìlà, ó gbé e lé orí agolo mílíìkì, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí kàn án: kó! Ihò kan péré, tí èèrùn ò lè gbà kọjá. Ó dorí agolo kodò sórí ife Màmá Morẹ́nikẹ́.

Ẹ̀kán kan bọ́. Gbogbo wa ń wo ihò. Èkejì ò wá.

"Díẹ̀díẹ̀ ni mílíìkì ń wọ tíì," ni Bàbá kékeré wí, ó rẹ́rìn-ín.

"Àna wa, tíì ń tutù o," ni Bàbá Akínbọ́lá fèsì.

Bàbá kékeré gbọn agolo sọ́tùn-ún, ó gbọ̀n ọ́n sósì, fìlà bọ́ sínú àwo ẹyin. Ó ń gbá a nídìí bí ìyá tó fẹ́ kí ọmọ gùnfẹ̀. Agolo kọ̀. Ló bá gbé e sẹ́nu, ó sì fà á mu!

Dùnmínínú fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Ẹ̀yin lẹ ń mu ún yẹn!" Bàbá Akínbọ́lá pariwo.

"Rárá o, mo ń lànà fún un ni. Ẹ jẹ́ n fẹ́ atẹ́gùn sí i."

Ó fẹ́ ẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, ojú rẹ̀ fẹ́ẹ̀ bọ́. Ó mú ẹnu kúrò.

Fíììììn! Mílíìkì ta jáde bí òwú funfun, ó gba ojú Bàbá Akínbọ́lá, ó sì fa ìlà sórí agbádá aláró láti ọrùn dé ìdodo. Bàbá kékeré fi ìka dí ihò, mílíìkì bá pín sí mẹ́ta: ọ̀kan sórí búrẹ́dì, ọ̀kan sí irun Dùnmínínú, ọ̀kan sínú etí mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Bàbá kékeré pín nǹkan kárí.

"Morẹ́nikẹ́, dìde, ká máa lọ!" Bàbá Akínbọ́lá ń nu ojú. "Ọkùnrin yìí ò lè fún ọ ní mílíìkì, àfi tó bá tu ú sí ọ lójú!"

Màmá Morẹ́nikẹ́ ò lè dìde. Ẹ̀rín ti pa á, ó di tábìlì mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. N ò tíì mu tíì mi." Ó kọjú sí Bàbá kékeré bí ẹni kọjú sí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "Bàbá Dùnmínínú, tí atẹ́gùn ò bá rọ́nà wọlé, báwo ni mílíìkì ṣe máa rọ́nà jáde? Ihò méjì là ń lu. Ìṣó dà?"

"A kì í lo ìṣó nílé yìí." Ohùn rẹ̀ ti di ti ẹ̀fọn.

Màmá wo ògiri yíká. Ìṣó kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun ló sì gbé àwòrán ńlá Bàbá kékeré dúró, èyí tó yà lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ó gbé àwòrán náà sílẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri, ó mi ìṣó náà títí ó fi yọ. Ó gbé ìṣó lé orí agolo, ó bọ́ bàtà kan, ó fi gìgísẹ̀ rẹ̀ kàn án. Gbò! Bàbá kékeré di ojú.

Mílíìkì ya wọ̀ọ̀. Ife márààrún funfun.

Bàbá kékeré la ojú kan. "Ó ṣẹ́ kù?"

"Ó ṣẹ́ kù."

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Màmá ní, "Ọjọ́ tí ẹ bá lè wo ihò méjì láìdijú, ẹ pè mí." Wọn ò tíì dé Ìgèdè tí fóònù rẹ̀ fi dún.

Ọdún kejì ìgbéyàwó wọn rèé. Òróró ń dà, iyọ̀ ń jábọ́, omi balùwẹ̀ ń ya bí òjò. Ìṣó yẹn ò kúrò ní kíṣìnì mọ́, iṣẹ́ ti pọ̀ fún un jù. Àwòrán Bàbá kékeré sì wà nílẹ̀ títí dòní, tó kọjú sí ògiri. Màmá ní kó lọ ra ìṣó mìíràn, ẹyọ kan péré, kó gbé ara rẹ̀ kọ́.

Ó ní òun ṣì ń rò ó.