Imú Baba Ńlá Láoyè

Ohun tó ń ṣe Láoyè kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n Ọ̀ṣunlọlá ìyá rẹ̀ ti ń gbàdúrà sí i láti kékeré. Bí Láoyè bá rí ejò kan, yóò ní méjì lòun rí, èkejì sì kí òun.

Nígbà tí oyè Baálẹ̀ ṣí sílẹ̀ lábúlé wọn nítòsí Àkánrán, Láoyè gbéra láti Ajíbọ́dé tó ń gbé, ó ní òun ni oyè kàn, kì í ṣe Oyèkúnlé ìbátan òun. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Láoyè ti ra àkísà ìwé lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń kó kúrò nílé.

Ìwé ìrìnàjò àwọn òyìnbó àtijọ́ ni, wọ́n fọwọ́ ya àwòrán sí i. Nínú ọ̀kan, òyìnbó kan dé fìlà tó tó ìkòkò, ọkùnrin dúdú kan sì jókòó níwájú rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn. Láoyè ní ọkùnrin yẹn ni baba ńlá àwọn, ẹni tó tẹ abúlé dó. Ó ní kí àwọn àgbà ilé wo imú rẹ̀, kí wọ́n tún wo tòun.

Bàbá Òrìṣàdìpẹ̀, olórí ẹbí, wo imú méjèèjì. Wọ́n jọra. Ọ̀ṣunlọlá tú gèlè, ó tún un wé dáadáa.

Ká ní Láoyè dákẹ́ níbẹ̀ ni. Wọ́n bi í léèrè ohun tí baba ńlá gbé dání. Ó ní igbá ẹmu ni, ẹmu tó ń hó yèè. Ó ní agbè mẹ́ta ni baba ńlá dá mu kí òyìnbó tó mu igbá kan.

Ẹmu ni èèwọ̀ wọn. Ilé Òrìṣà ni ilé wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ abúlé náà dó, ẹnikẹ́ni kì í fi ẹmu kan ẹnu níbẹ̀.

“Omi ni, bàbá,” ni Láoyè wí.

“Omi tó ń hó?”

Láoyè rò ó díẹ̀, ó ní ó lè jẹ́ omi ọṣẹ.

Bàbá Òrìṣàdìpẹ̀ pa ìwé náà dé. Ó ní ọ̀mùtí yẹn kì í ṣe ará ilé àwọn, ìyẹn ò sì le. Èyí tó le ni pé imú ti bá imú mu. Ó wá rọra yíjú sí ìyá ọmọ.

“Ọ̀ṣunlọlá, ìyàwó wa, níbo lo ti rí ọmọ yìí?”

 Ọ̀ṣunlọlá wo ọmọ rẹ̀, ẹni ogójì ọdún, tí òógùn bò. Bí oyè bá fẹ́ lọ, kó máa lọ. Kí wọ́n má ṣáà yọ ọmọ òun kúrò nílé baba rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

“Ọmọ yín ni, bàbá mi. Ṣebí ẹ rántí pé baba rẹ̀ ní bàlúù lòun ń wà ní pápá Alákìá, títí tí mo fi fẹ́ ẹ, tí mo lọ bá a níbẹ̀ tó ń gé koríko?”

Àwọn àgbà wo ara wọn, wọ́n mi orí.

“Tiwa ni,” ni Bàbá Òrìṣàdìpẹ̀ wí. Wọ́n sì fi Oyèkúnlé joyè.