Orúkọ Tí Tobin Fẹ́ Jẹ́ Lórí Òkè

Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tó gba orí òkè láti Georgia lọ dé Maine, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ ara ẹ̀ lórúkọ níbẹ̀: ìwà òmùgọ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò yòókù bá ká mọ́ ọ lọ́wọ́ ni wọ́n á fi máa pè ọ́ títí ọ̀nà á fi tán. Tobin ti fọgbọ́n rìn dé Virginia láìlórúkọ, nítorí Àṣá ló fẹ́ kí wọ́n pe òun. Ó ń so ibùsùn aláṣọ rẹ̀ mọ́ àárín igi méjì lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Màmá Verlene, arúgbó arìnrìn-àjò tí gbogbo ọ̀nà ń pè ní Ṣíbí, bá wá fìdí lé òkúta níwájú ẹ̀.

"Ọkọ mi, aṣọ lo fẹ́ sá ni?"

"Rárá, Màmá. Ibùsùn mi ni."

"Inú afẹ́fẹ́ lo fẹ́ sùn sí? Kí ni ilẹ̀ fi ṣe ẹ́?"

"Ilẹ̀ ní òkúta, ilẹ̀ ní gbòǹgbò, ilẹ̀ ní omi. Ibi tí ẹyẹ ń sùn sí lèmi ń sùn sí." Tobin dúró díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ màmá létí dáadáa. "Ẹyẹ ńlá o. Bí àṣá."

"Adìẹ náà ń sùn sórí igi."

Tobin ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó fa okùn le.

"Ta ló tiẹ̀ sọ yín ní Ṣíbí, Màmá?"

"Ọmọkùnrin kan ní Tennessee ló bá mi níbi tí mo ti ń fi èèkàn àgọ́ bu ẹ̀wà jẹ. Mo ti gbàgbé ṣíbí sílé."

"Kò dùn yín?"

"Ó sàn ju ti bàbá tó tẹ ìgbẹ́ béárì lọ."

Tobin so okùn tán. "Ẹ̀yin náà lè sọ èèyàn lórúkọ, àbí?"

"Tí mo bá ti fi orúkọ pè ọ́ ní ibùdó lálẹ́ yìí, orúkọ ẹ á dé Maine ṣáájú ẹ."

"Kí lẹ wá rí lára mi báyìí?"

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Wọ ilé ẹ ká wò ó."

Tobin bọ́ bàtà. Ó kọ́kọ́ fìdí jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ wọlé, ó na gbalaja. Okùn ò ké, igi ò mì. Ó fa síìpù àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n rán mọ́ ibùsùn náà pa, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì rọrí bí ọba.

"Ó dáa o," ni Màmá wí. "Ó tiẹ̀ fẹ́ jọ Àṣá."

Inú Tobin dùn débi pé ó yíra padà láti rẹ́rìn-ín sí i. Ibùsùn bá a yí. Kí ó tó mọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọjú sí ọ̀run, ó sì dojú bolẹ̀ nínú àwọ̀n bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ jáde lódò.

"Ṣé bí àṣá ṣe ń sùn nìyẹn?"

"Màmá, ẹ bá mi wá síìpù."

"Ibo ló wà?"

"Lábẹ́ ikùn mi."

"Apá ibo ni abẹ́ nínú gbogbo eléyìí?"

Ohùn àwọn arìnrìn-àjò mìíràn ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n ń kọrin.

"Ẹ yára, Màmá, àwọn èèyàn ń bọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n pè wọ́n, ká jọ gbé ọ."

"Ẹ má pè wọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún wọn. Gbogbo ṣokoléètì mi wà nínú àpò yẹn, ẹ kó o. Ẹ ṣáà ti búra pé ẹ ò ní sọ."

Màmá dìde. Ibi àpò ló kọ́kọ́ yà sí. Ó bó ṣokoléètì kan, ó jẹ ẹ́ tán, ó la ọwọ́ mọ́.

"Mo búra. Àgbà kì í jẹ ṣokoléètì ọmọdé tán kó tún dalẹ̀ ẹ̀."

Ó wá síìpù rí, ó fà á. Tobin já bọ́ gbì bí àpò ọ̀dùnkún. Bó ṣe ń gbọn ewé kúrò ní irun ni àwọn tó ń kọrin yọ lórí òkè.

"Ẹ wá kí ọ̀rẹ́ mi," ni Màmá ké sí wọn. "Ẹ-Má-Sọ-Fún-Wọn lorúkọ ẹ̀. Ẹ má bi mí nídìí ẹ̀ o, mo ti búra. Òun fúnra ẹ̀ á máa ṣàlàyé títí tẹ́ ẹ fi máa dé Maine."