Bíréènì Bọ́ọ̀sì Mẹ́ta fún Mọ́tò Kan

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí tí wọ́n á fi gbé mi sin. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé ẹ̀, àmọ́ àwọn ará àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan kì í jẹ́. Bí mo bá ti ń kọjá, ẹnì kan á sáà bi mí pé báwo ni mọ́tò. Ó ti rẹ̀ mí láti máa dá wọn lóhùn.

Mọ́tò Bàbá mi ni. Nígbà tí Bàbá kú, èmi ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ fún, torí èmi nìkan lọmọ tó ṣì ń gbé inú agboolé. Mọ́tò ọ̀hún ti dàgbà. Ká sọ òótọ́, òun náà ì bá ti lọ sinmi. Àmọ́ Màámi ní ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Òun àti Bàbá ti jọ ń múra hájì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ikú tó dé. Nígbà tí àyè wá yọ fún Màámi, ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí ni pé mọ́tò Bàbá ni kí n fi gbé òun lọ síbi tí àwọn alálàájì ti ń kóra jọ kí wọ́n tó wọ bààlúù. Ó ní, "Bí bàbá ẹ ò bá lè tẹ̀ lé mi, kí mọ́tò ẹ̀ sìn mí dé ìdajì ọ̀nà." Mo ní, "Màámi, ó ti parí." Ẹnu mi yìí náà ni.

Ó ku bí oṣù kan kí Màámi lọ ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ wèrè. Á máa lọ jẹ́jẹ́, á kàn ṣàdédé kú. Iná kékeré kan ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo fi tépù dúdú bò ó mọ́lẹ̀. Ìyẹn ni àtúnṣe àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ẹ bá mi kí ara mi.

Nígbà tó wá kú sí àárín títì l'Ọ́báléńdé, tí àwọn awakọ̀ bú mi látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo pe Mùfú. Mùfú ni rìwáyà wa, òun ló ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ládùúgbò. Ó ki ẹ̀rọ kan bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wò ó, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, bíréènì bọ́ọ̀sì ti lọ."

Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì ló ń pè bẹ́ẹ̀. Àpótí irin pẹlẹbẹ kan ni, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ló wà, níbi tí ẹni tó bá jókòó síwájú ń gbé ẹsẹ̀ lé. Bí Mùfú ṣe ká kápẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ pa ibẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, abẹ́ ibí yìí mà tutù díẹ̀."

Mo ní, "Ìsàlẹ̀ Èkó lo wà, kí ni kì í tutù níbẹ̀? Ṣe iṣẹ́ ẹ jàre." Ó ṣe iṣẹ́ ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Alhaji la ti ra òmíràn. Alhaji ń ta tòkunbọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ìta Fájì, mọ́ṣáláṣí kan náà la sì jọ ń kírun. Àgbàlagbà jẹ́jẹ́ ni. Ó gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ mi, ó fi nọ́ńbà ara méjèèjì wéra, ó nù ún, ó ní "Bìsìmílà," ó gbé e fún mi. Mọ́tò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó po lọ́jọ́ náà, mo ń kí àwọn tí n kì í kí tẹ́lẹ̀.

Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó kú.

Alhaji pààrọ̀ ẹ̀ láì jiyàn. "Àlòkù ni, àbúrò. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí." Èkejì lo ọjọ́ méje. Ó pààrọ̀ ìyẹn náà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ó wò mí dáadáa. "Kí lò ń fi mọ́tò yìí ṣe gan-an?" Inú bí mi. Kí ni mo ń fi ṣe? Mo ń fi lọ síbi iṣẹ́, mo ń fi lọ kírun.

Ọ̀rọ̀ ìrun yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó dọ̀la. Mo ní bútà kan, rọ́bà aláwọ̀ ewé, bútà Bàbá ni. Àràárọ̀ ni mo ń pọnmi kún un, kí àkókò ìrun má bàa ká mi mọ́jú títì láìsí omi aluwàlá. Nílẹ̀ iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ni mo ń gbé e sí. Bí Mùfú bá sì ti ń bọ̀, mo ti máa ń sáré gbé e sọ̀kalẹ̀, kí epo ọwọ́ ẹ̀ má bàa kan ohun ìjọsìn mi. Mo fẹ́ràn ìmọ́tótó lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ wá pé. Ọ̀la ẹ̀, láàárọ̀, ni Màámi ń lọ. Bí mo ṣe dé iwájú mọ́ṣáláṣí ni bíréènì kẹta kú, mọ́tò sì dábùú ọ̀nà. Mo wọlé pẹ̀lú ìbínú. Lémọ́ọ̀mù ń wàásù lórí ẹni tó ń ro ibi sí ọmọnìkejì ẹ̀. Mo ń mi orí, mo ń yọjú wo Alhaji bóyá ó ń gbọ́.

A kírun tán, mo ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà. "Alhaji, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Òkú lẹ̀ ń gbé fún mi, ọ̀la sì ni Màámi ń lọ." Àwọn èèyàn dúró. Màámi wà lódìkejì, níwájú agboolé wa, lórí àga, pẹ̀lú báàgì hájì lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Mo tún gbóhùn sókè kó lè gbọ́ bí mo ṣe ń jà fún un.

Alhaji ò bá mi jà. "Ẹ pe Mùfú, kó ṣí i lójú gbogbo wa."

Mo ní kó ṣí i. Bí mo ṣe rí Mùfú tó ń bọ̀, mo sáré gbé bútà mi sọ̀kalẹ̀, mo dì í mú, mo ń bá èébú mi lọ.

Mùfú yọ kápẹ́ẹ̀tì, ó fún un, omi ṣàn. Ó tú àpótí náà, inú ẹ̀ ti dípẹtà. "Ẹ̀gbọ́n, omi ló ń pa wọ́n."

Mo ní òjò ni. Mùfú ní òjò wo, nígbà tí a ti ń jẹ eruku láti ọ̀sẹ̀ mélòó. Mo ní a jẹ́ pé ẹ̀rọ amúlétutù ni. Màámi dáhùn látòkèèrè pé ìyẹn ti kú kí Bàbá tó kú.

Ìgbà yẹn ni Alhaji bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ mi. Gbogbo wọn bá a wò ó. Èmi náà wolẹ̀. Bàtà mi ti rin gbingbin. Omi ń kán tó, tó, tó, láti ìdí bútà tí mo fi ń júwe ìwà ìkà Alhaji fún aráyé. Ó ti sán nídìí.

Màámi ti dìde. "Ṣé bútà tí mo ní kó o lọ jù nù nígbà ààwẹ̀ nìyẹn?"

"Màámi, bútà Bàbá ni. Bàbá kì í wọ mọ́tò láì gbé e."

"Bọ́ọ̀tù ni bàbá ẹ ń gbé e sí," ni Màámi wí. "Kò gbé omi síwájú mọ́tò lọ́jọ́ kan rí."

Kò sẹ́ni tó pa òwe Ṣókótó àti ṣòkòtò fún mi. Ojú ni wọ́n fi pa á, ó sì yé mi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji níwájú mọ́ṣáláṣí. Ó ní, "Dìde, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alhaji fúnra ẹ̀ ló fi mọ́tò ẹ̀ wá gbé Màámi. Kí Màámi tó wọ mọ́tò Alhaji, ó lọ síbi mọ́tò Bàbá, ó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó dùn mí wọ inú egungun. Mo jókòó sẹ́yìn, báàgì lórí itan. Alhaji yíjú sí mi kó tó gbéra. "Àbúrò, kí lo gbé dání?" Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i pé kò sí nǹkan kan.

Kí Màámi tó ti hájì dé, Mùfú ti gbé bíréènì kẹrin sókè, jìnnà sílẹ̀. Mọ́tò Bàbá ni mo fi lọ pàdé ẹ̀. Kò kú lọ́nà. Màámi yọ bútà tuntun kan láti inú ẹrù ẹ̀, ó ní kí n ṣí bọ́ọ̀tù, ó fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e síbẹ̀ ní òfìfo, ó wá jókòó síwájú, ó fi ẹsẹ̀ pa kápẹ́ẹ̀tì wò bóyá ó gbẹ.

Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú. Mi ò lè fi mọ́tò Bàbá gbé yín lọ lọ́jọ́ náà."

Ó ní, "Ìdajì ọ̀nà ni mo bẹ̀ ẹ́. Àbọ̀ mi yìí náà, ìdajì ọ̀nà ni."

Ẹ̀rín pa mí, omijé náà sì wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, kí n tó la ẹnu bá èèyàn jà, mo máa ń kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi.