Ọjọ́ Tí Mo Lé Àwọn Tó Ń Wo Ìsìn Wa Lórí Fóònù Jáde

Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ń gbàdúrà pé kó kúrò lọ́kàn àwọn ará ìjọ wa ní Ọ̀kà. Tí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí mo ti ń fọ abọ́, ṣe ni màá dá ọwọ́ dúró, màá dijú, màá sì mi orí.

Màmá Olúrẹ̀mí, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ, ṣàìsàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lọ. Nígbà tí ara wọn yá, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ìdúpẹ́. Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní Kánádà, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò sì tíì jẹ́ kó lè wálé. Ni Pásítọ̀ bá ní ká wá áàpù tí kò ṣòro lò, tí a ó fi gbé ìsìn jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ náà lè bá wa dúpẹ́. Wọ́n yan èmi nítorí pé tíṣà ni mí, wọ́n sì yan Fẹ́mi, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkàrẹ́.

Èmi kì í tètè gba nǹkan gbọ́. Bí ẹni tí mi ò mọ̀ bá kí mi lójú ọ̀nà, màá kọ́kọ́ di báàgì mi mú kí n tó dáhùn. Nítorí náà, nígbà tí Fẹ́mi ṣí áàpù àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí áàpù náà sì béèrè bóyá òun lè lo kámẹ́rà, mo ní kó pa á.

"Kí ló fẹ́ fi kámẹ́rà wa ṣe?" mo bi í.

"Mà, ìsìn la fẹ́ fi hàn. Tí kò bá sí kámẹ́rà, kí ni wọ́n máa rí?"

Mo ní ká wo òmíràn. Ìkejì jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo ní ẹni tó ń pín nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ ní ohun tó ń wá. Ìkẹta ní bọ́tìnì tó pọ̀ bí ẹni pé a fẹ́ fi wa bàálù. Fẹ́mi nu òógùn ojú rẹ̀, ó padà sí àkọ́kọ́, ó ní òun ló rọrùn jù: ẹ tẹ ibí, ó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ ibí, ó parí. Mo gbà, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni màá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Kí ọkàn mi lè balẹ̀, ó fi bọ́tìnì kan hàn mí.

"Tí ẹnì kan bá ń bú wa, ẹ tẹ èyí. Á jáde, kò sì ní lè wọlé mọ́."

Nínú gbogbo ohun tó kọ́ mi, ìyẹn nìkan ni mo gbọ́ dáadáa.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, Fẹ́mi dúró ti kámẹ́rà níwájú. Èmi wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dáa díẹ̀. Bí orin ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn tó ń wò wá ń yọ lójú kọ̀ǹpútà. Mo wọ awò mi, mo ń wá Káyọ̀dé. "Kay Yìnyín" ni mo rí. Ṣé orúkọ ẹni tí a ṣèrìbọmi fún nìyẹn? Mo tẹ bọ́tìnì. "Sísì Lọ́ńdọ̀nù" wọlé, ó ń fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́ léraléra. Ta ló ń fẹ́ nínú ìsìn? Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ò tilẹ̀ lórúkọ, àwòrán ajá ló fi síbẹ̀, ajá náà sì ń wò mí tààrà. Ìyẹn ni mo yára tẹ̀ jù.

Díákónì tó jókòó nítòsí mi rọra bi mí pé kí ni mò ń tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n ṣọ́ ilé Ọlọ́run," mo dá wọn lóhùn.

Nígbà tí kò ku ẹnì kankan tó ń wò wá, ọkàn mi balẹ̀, mo sì mu omi.

Àsìkò yẹn gan-an ni Màmá fi ọ̀pá wọn rọra rìn lọ síwájú kámẹ́rà. Wọ́n fi ohùn Ọ̀kà gidi bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní kó má sunkún mọ́, pé àwọn ti ń dá rìn. Wọ́n wá gbàdúrà fún un láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń sunkún. Èmi náà ń sunkún. Mo ń fi ọwọ́ kan nu ojú, mo sì ń fi ọwọ́ kejì lé ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Wọn ò tíì ṣe àmín tán tí fóònù Pásítọ̀ fi gbọ̀n. Wọ́n gbé e sétí, wọ́n ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ẹ má bínú, sà," wọ́n sì ń wo ọ̀dọ̀ mi. Alábòójútó wa ní Ìkàrẹ́ ló ń pè, bàbá kan tó fẹ́ràn ajá rẹ̀ gan-an. Wọ́n fẹ́ mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ṣẹ̀ tí a fi lé wọn jáde nínú ìsìn.

Fẹ́mi sáré wá sẹ́yìn. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí.

"Mà, ẹ ti lé gbogbo wọn."

"Àwọn tí mi ò mọ̀ nìkan ni mo lé."

"Káyọ̀dé ni Kay Yìnyín, mà. Torí òtútù ibẹ̀ làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀."

Mo dúró kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, kò lanu. Fẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo sọ fún wọn pé ọmọ wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, pé èmi ni mo fà á. Wọ́n fọwọ́ tọ́ mi léjìká.

"Tíṣà, àdúrà yẹn ti lọ sókè," wọ́n ní. "Mi ò lè pè é padà wá."

Wọ́n dìde, wọ́n padà síwájú kámẹ́rà, wọ́n sì béèrè ohun kan ṣoṣo: "Káyọ̀dé, ṣé o ti jẹun?"

Ìdáhùn yọ lójú kọ̀ǹpútà. Fẹ́mi ní kí èmi kà á sókè fún ìjọ. Mo kà á: "Mi ò tíì jẹun, Mọ́mì. Ojú yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí." Màmá ní kó lọ jẹun kíá, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì bú sẹ́rìn-ín, ẹkún ṣì wà lójú wọn.

Mo ti kọ́gbọ́n: mo máa ń béèrè ẹni tí èèyàn jẹ́ kí n tó rò ó sí ibi. Wọ́n gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, Pásítọ̀ sì ní kí n máa dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n máa kí àwọn àlejò káàbọ̀, pé iṣẹ́ yẹn ló máa wò mí sàn. Mo ń gbìyànjú. Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan tí mi ò rí rí wọlé tòun ti awò dúdú lójú. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo kí i káàbọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé mo ti ń tẹ̀lé e bọ̀ títí dé ìdí àga tó fẹ́ jókòó sí. Mo fi ara mi rẹ́rìn-ín, mo sì padà sẹ́nu ọ̀nà.